Iṣẹ́ Òwúrọ̀ Lucius Tarver

Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún kúrú ju ti òsì lọ ní ìwọ̀n ìka méjì. Bí òjò bá fẹ́ rọ̀, òun ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún mi. Àwọn ènìyàn a máa bi mí pé kí ló ṣe mí, èmi náà a sì dáhùn pé ẹṣin ni. Òótọ́ ni, ẹṣin ni. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà, Lucius Tarver lorúkọ rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ orúkọ yẹn kó rò pé mo ń di ọmọ náà sínú.

Ọdún 1881 ni. Èmi Tobias Redd ti ń da màlúù láti Tẹ́ksáàsì lọ sí Kánsáàsì fún ọdún mọ́kànlá nígbà náà. Oko ẹrú ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí wọ́n sì dá wa sílẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni kí n jókòó lórí ẹṣin kí n máa wo ìdí màlúù. Mo lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún, àmọ́ egungun mi ti ń hùwà bíi ti ẹni àádọ́ta.

Ọmọ Galveston ni Lucius, létí òkun. Bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ìyá rẹ̀ ń fọṣọ fún àwọn olówó. Láti kékeré lòun náà ti ń gẹrun tó ń fá irùngbọ̀n lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ìròyìn wa. Bí àwọn darandaran bá jókòó sórí àga tí wọ́n fi ọṣẹ bò wọ́n lẹ́nu, irọ́ ni wọ́n máa ń pa títí abẹ yóò fi dé ọ̀nà ọ̀fun. Ọmọ náà gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún, ó dágbére fún ìyá rẹ̀, ó ra bàtà aláwọ gíga kan, ó sì wá bá wa ní àgọ́ lẹ́bàá odò Guadalupe, lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí a gbéra.

Lemuel Stroud ni ọ̀gá wa. Òyìnbó gbọọrọ kan ni, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í pọ̀. Ó wo ọmọ náà láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

“Kí lo mọ̀ ọ́n ṣe?”

“Mo mọ irun gẹ̀, sà.”

Gbogbo àgọ́ bú sẹ́rìn-ín. Anselmo, ọmọ Mẹ́síkò tó máa ń gun ẹṣin ní apá òsì agbo, na ọwọ́ sókè. “Ọ̀gá, ẹ gbà á! Ẹ ò rí i bí irun ṣe bo àwọn màlúù yìí lójú?”

Stroud kò rẹ́rìn-ín. “Ṣé o lè gun ẹṣin?”

“Mo ti gùn ún rí, sà.”

“Ẹṣin ta ni?”

“Ti bàbá tó ń ta omi ládùúgbò wa.”

“Ẹṣin tó ń fa àgbá omi,” ni Hosea tó ń se oúnjẹ wa sọ láti ìdí iná rẹ̀. Bàbá arúgbó ni, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó máa ń kọjá lójú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fi iyọ̀ sí i. “Ẹ̀yin èèyàn, ẹ fara balẹ̀ o. Ọ̀gágun ti dé.”

Ibà ti dá méjì nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ wa dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, ọ̀gá kò sì lágbára àtiṣàyàn. Ó gbà á. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni orúkọ Lucius ti di Onígbàjámọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹṣin tí wọ́n fún un gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí oòrùn tó là dáadáa. Ìgbà àkọ́kọ́, ó dìde, ó gbọn ara nù, ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà kejì, ó dìde. Ìgbà kẹta, ó pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀, ó sì ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń ka nǹkan níbẹ̀.

“Ṣé o ti kú ni?” Anselmo ló bi í.

“Rárá.”

“Dìde nígbà náà. Òkú nìkan ló ń sùn ní aago yìí.”

Ẹ̀yìn agbo ni wọ́n fi í sí, lọ́dọ̀ mi. Ẹgbẹ̀rún méjì màlúù àti igba ló wà níwájú wa. Ohun tí pátákò tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ bá sì gbé sókè, àwa tá a wà lẹ́yìn là ń gbé e mì. Ìdí méjì ló mú èmi àgbà wà níbẹ̀. Èkíní, ọ̀gá ní àfi kí ẹni tó mọṣẹ́ wà pẹ̀lú ẹni tuntun. Ìkejì, àwọn kan wà nínú wa tí wọn kò fẹ́ kí dúdú ṣíwájú wọn. Mo ti jẹ eruku yẹn títí mo fi mọ ti ìpínlẹ̀ kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Ti ìsàlẹ̀ Tẹ́ksáàsì funfun, ó sì korò. Bó o bá ti ń sún mọ́ Odò Pupa, ó máa ń dà bí ìpẹtà irin lẹ́nu.

Mo kọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ tútù di imú. Mo kọ́ ọ kó má ṣe máa sáré lé màlúù tó bá rẹ̀, pé kó kàn sún mọ́ ọn, kó jẹ́ kó mọ̀ pé èèyàn wà lẹ́yìn òun. Ní ọjọ́ kẹta, itan rẹ̀ ti bó látorí gàárì, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀ débi pé omi gbígbóná la fi tú u. Hosea fún un ní ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ kó fi para.

“Fi pa á dáadáa,” ni bàbá náà wí. “Tó bá ṣẹ́ kù, fi dín ẹ̀wà ẹ.”

Lucius fi pa á. Kò ráhùn. Mo fẹ́ràn ìyẹn lára rẹ̀. Ó kàn ń tọ ẹ̀yìn àwọn màlúù yẹn láti ìdájí títí ilẹ̀ á fi ṣú, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Bí a bá sì dúró láti jẹun, oorun máa ń gbé e lọ nígbà tí síbí ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Abo pọ̀ nínú agbo wa lọ́dún yẹn, púpọ̀ nínú wọn ló sì lóyún. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ń bímọ sí. Ọmọ màlúù tí wọ́n bí lóru kò lè rin máìlì méjìlá lọ́jọ́ kejì. Bó bá rìn ín, yóò ṣubú. Bó bá sì ṣubú, ìyá rẹ̀ á dúró tì í, àwọn mìíràn á dúró ti ìyá rẹ̀, agbo á tú ká. Nítorí náà, láràárọ̀, nígbà tí agbo bá ti ṣí kúrò níbi tó sùn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró sẹ́yìn pẹ̀lú ìbọn. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ kẹ́yìn ló ń ṣe é. Èmi náà ti ṣe é lọ́dún tèmi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, Stroud fa ìbọn ìléwọ́ kan lé e lọ́wọ́. Ọmọ màlúù méjì ló wà nílẹ̀, omi ibí kò tíì gbẹ lára wọn.

“Ọ̀gá,” Lucius wí, “ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn ni?”

“Kò sí.”

“Mo lè gbé wọn sórí ẹṣin.”

“Lónìí, méjì. Lọ́la ńkọ́? Lọ́túnla ńkọ́?” Stroud yí ẹṣin rẹ̀ padà. “Agbo ń lọ.”

Mo dúró tì í lọ́jọ́ náà. Mo ní, “Má wo ojú ẹ̀. Wo ibi tí irun iwájú orí ti yí po, ibẹ̀ ni kó o na ìbọn sí. O mọ irun, àbí?”

Ó mọ irun. Síbẹ̀ ọta mẹ́ta ló ná sórí èkíní, nítorí ó ti dijú. Nígbà tó ṣe èkejì tán, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó bì gbogbo kọfí tó mu sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nu ẹnu, ó gun ẹṣin, a sì lé agbo bá. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà sunkún títí di ọ̀sán lábẹ́ aṣọ tó fi di imú, kò sì sí màlúù kan tó ṣáko lọ ní ìhà tirẹ̀.

Báyìí la ṣe ń lọ. Méjì lónìí, ọ̀kan lọ́la, mẹ́rin lọ́jọ́ kan tí mi ò lè gbàgbé. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan tá a dúró létí odò kékeré kan kí àwọn màlúù lè jẹ koríko, àwọn ọmọ iṣẹ́ ní kí Onígbàjámọ̀ wá fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Ó kó abẹ àti ọṣẹ jáde nínú àpò. Anselmo ló kọ́kọ́ jókòó, ó sì ń ṣe bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dúḿbú.

“Ẹ bá mi kí ìyá mi o! Ẹni tó ń pa ọmọ màlúù ni mo gbé ọ̀fun mi fún yìí!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lucius kò rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni kò bínú. Ọwọ́ rẹ̀ tó máa ń gbọ̀n nídìí ìbọn kò gbọ̀n rárá nídìí abẹ. Ó fá Anselmo, ó fá mi, ó sì fá ọ̀gá pàápàá, kò sì sí ẹni tí ó fara pa. Ó fọ abẹ rẹ̀, ó nù ún, ó dì í. Lẹ́yìn náà ló sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́.

A sọdá Odò Pupa láìsí ìṣòro, a wọ ilẹ̀ ẹ̀yà Chickasaw, tó wà láàárín Tẹ́ksáàsì àti Kánsáàsì. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí a ti kúrò nílé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ màlúù kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, pupa rẹ́súrẹ́sú, tó funfun lójú. Mo ti ń bá agbo lọ. Mo gbọ́ ìró ìbọn lẹ́ẹ̀kan, mi ò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lucius lé wa bá, ó di imú rẹ̀, ó gba ipò rẹ̀ lẹ́yìn agbo.

Oòrùn kò tíì kan àtàrí nígbà tí afẹ́fẹ́ yí padà tó ń fẹ́ láti ẹ̀yìn wa. Mo gbọ́ igbe kan, igbe tín-ín-rín. Mo wo Lucius. Ó tẹ orí ba.

Abo pupa kan ṣẹ́rí padà láàárín agbo, ó dúró, ó na etí. Ọmọ rẹ̀ tún ké. Ọmọ náà ti ń tọ ipasẹ̀ wa bọ̀ láti àárọ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò ju òpá ìdáná lọ. Ìyá rẹ̀ ké lóhùn rara, ó sì la àárín wa kọjá, ó ń sáré lọ. Bó bá jẹ́ òun nìkan ni, kò burú. Ṣùgbọ́n abo tí ó ti sọ ọmọ nù pọ̀ nínú agbo yẹn, olúkúlùkù wọn ló sì rò pé tòun ló ń ké. Wọ́n tó ogójì tí wọ́n yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ mì. Àwọn ọ̀dọ́ akọ tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ náà bá wọn sá.

Mo ké sí Lucius pé kó gba apá ọ̀tún. Èmi gba òsì, mo ń fẹ́ kọjá wọn kí n lè yí iwájú wọn padà. Ẹṣin mi ń fò. Ibi tí mo ti fẹ́ dé ọ̀dọ̀ èyí tó ṣíwájú gan-an ni ẹsẹ̀ ẹṣin mi ti wọ ihò àwọn eku ilẹ̀. Mo gbọ́ tí nǹkan kán. Mo rò pé tirẹ̀ nìkan ni. Nígbà tí mo ṣubú, tí ó sì yí gbirigbiri gba orí mi kọjá, mo tún gbọ́ òmíràn, mo sì mọ̀ pé tèmi nìyẹn.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, Lucius wà lórí eékún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. “Ẹ̀gbọ́n,” ló ń wí, “ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n,” kò sì mọ ohun tó kàn. Nǹkan bí ogún ìṣísẹ̀ sí wa, abo pupa náà dúró. Ọmọ rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń mu ọmú, ó ń fi ìrù gbálẹ̀.

Stroud dé. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ mi. Ó wo ẹṣin mi tó ń gbìyànjú láti dìde, ó sì yìnbọn fún un fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí Lucius.

“Ta ló ṣiṣẹ́ òwúrọ̀ yìí?”

“Èmi ni, sà.”

“O ṣe é?”

Ọmọ náà wo abo pupa náà. Lẹ́yìn náà ló ní, “Mi ò ṣe é, sà. Ilẹ̀ ni mo yìnbọn sí. Mo gbé e sínú igbó kékeré kan. Mo rò pé bóyá ẹnì kan á kọjá.”

“Ta ni ì bá kọjá níbí?”

“Mi ò mọ̀, sà.”

“Ṣé o rí Tobias?”

“Mo rí wọn, sà.”

Mo rò pé ọ̀gá máa nà án. Ó ti na ẹlòmíràn rí nítorí ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ lọ sókè. Ó dà bí ẹni tí oorun ń kùn. Ó fa ìbọn lé e lọ́wọ́. “Parí iṣẹ́ ẹ.”

Ó wù mí kí n lè sọ fún yín pé mo bá ọmọ náà bẹ̀bẹ̀. Mi ò bẹ̀bẹ̀. Egungun mi ti yọ jáde láwọ̀, mo sì ń fi eyín ge aṣọ ìborùn mi. Nígbà tí mo gbọ́ ìró ìbọn tó pa ọmọ màlúù náà, ó tù mí lára. Lójú tèmi lọ́jọ́ yẹn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jìyà ẹsẹ̀ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ru ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kalẹ̀ níbí.

Hosea fa ẹsẹ̀ náà, ó fi pátákó àgbá ìyẹ̀fun dì í, ó sì fún mi ní ọtí líle títí mi ò fi mọ orúkọ ara mi mọ́. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo fi dùbúlẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀, láàárín àpò ẹ̀wà àti ìkòkò. Gbogbo òkúta tó wà ní ojú ọ̀nà yẹn ni mo mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Má pariwo,” Hosea máa ń wí bí mo bá ké. “O ń bà wọ́n nínú jẹ́.”

“Àwọn wo?”

“Àwọn ẹ̀wà. Wọ́n ti ń sùn.”

Láti inú kẹ̀kẹ́ yẹn ni mo ti ń wo Lucius. Ojú rẹ̀ ni mo ń rí láràárọ̀ nígbà tí àwọn tó kù bá ti lọ. Ọta kan fún ọmọ kan. Kì í dijú mọ́, kì í bì mọ́. Ó máa ń fi ọwọ́ òsì gbé àgbọ̀n ọmọ màlúù náà sókè díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí onígbàjámọ̀ ṣe ń gbé ti ènìyàn, yóò sì ṣe é. Lẹ́yìn náà yóò gun ẹṣin. Wọ́n ti gba ẹ̀yìn agbo lọ́wọ́ mi fún un, òun nìkan ló wá ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì. Kí oorun má baà gbé e, ó máa ń fi omi tábà ra ojú bíi ti àwa àgbà, ojú náà á wú, á máa ṣomi. Mo rí i tó sùn lórí ẹṣin pẹ̀lú ojú tó là sílẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ kò pè é ní Onígbàjámọ̀ mọ́. Wọn ò tilẹ̀ pè é ní nǹkan kan. Anselmo tó ń ṣàwàdà pẹ̀lú ẹni tó ń kú lọ pàápàá kàn máa ń gbé oúnjẹ rẹ̀ fún un ni, á sì kọjá.

Láràárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, òun ló ń gbé kọfí wá fún mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ mu ún kó tó tutù.”

“Jókòó, Lucius.”

“Tí mo bá jókòó, mi ò ní lè dìde mọ́.”

“Mi ò bínú sí ẹ o.”

Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo inú ife. “Ó sàn kẹ́ ẹ bínú, ẹ̀gbọ́n. Tẹ́ ẹ bá bínú, ìyẹn á ti parí.”

Mo mu kọfí mi.

Nígbà tí a wọ ilẹ̀ Kánsáàsì, a bẹ̀rẹ̀ sí rí ilé àwọn àgbẹ̀, ilé tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù koríko àti iyẹ̀pẹ̀ kọ́, ọ̀kan níhìn-ín, òmíràn lọ́nà jíjìn. Ní òwúrọ̀ kejì níbẹ̀, ọmọ márùn-ún ló wà nílẹ̀. Hosea ń di ẹrù rẹ̀, èmi sì nara sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, mo ń wò. Lucius ti ṣe mẹ́rin. Ó ti gbé àgbọ̀n ìkarùn-ún sókè nígbà tí obìnrin kan yọ láti ẹ̀yìn òkè kékeré kan, ó ń ti ọmọlanke onípátákó kan bọ̀, ó ń sáré, gèlè rẹ̀ ti ṣí dà sí ọrùn. Ará Jámánì ni, kò gbọ́ èdè wa. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹyin kan sókè kí gbogbo wa lè rí i. Ó nàka sí ọmọ màlúù, ó nàka sí ẹyin, ó nàka sí ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá rí àwọn mẹ́rin tó wà nílẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan. Mi ò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò ní mọ ohun tó sọ.

Lucius ti ìbọn bọ ìgbànú. Ó gbé ìkarùn-ún mọ́ra, ó gbé e sínú ọmọlanke, ó fi okùn so ó rọra kó má baà fò. Obìnrin náà fún un ní apẹ̀rẹ̀ ẹyin náà tán, kò mú ọ̀kan kù. Lucius ń mi orí pé kò tọ́ sí òun, obìnrin náà sì ń tì í sí i láyà. Nígbà tó lọ, ọmọ náà gbé apẹ̀rẹ̀ wá bá mi. Àwọn ẹyin ń kan ara wọn.

“Ká ní mo pẹ́ díẹ̀,” ló wí. “Ká ní mo kọ́kọ́ di gàárì. Ká ní mo lọ tọ̀.”

“O ò mọ̀ pé ó ń bọ̀.”

“Ọmọlanke ẹ̀ gba márùn-ún, ẹ̀gbọ́n. Mo wò ó. Ó gbà wọ́n.”

Hosea dín ẹyin náà fún gbogbo àgọ́ lọ́sàn-án. Ó ti lé lóṣù kan tí a ti rí ẹyin jẹ gbẹ̀yìn, àwọn ọkùnrin sì ń pọ́n ọwọ́ lá. Lucius kò fọwọ́ kan tirẹ̀. Bàbá náà gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi òmíràn bò ó dè é.

Láti ọjọ́ kejì, Lucius bẹ̀rẹ̀ ohun kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà tí ẹni tó ti ṣọ́ agbo lóru bá ń sùn díẹ̀ kó tó jẹun, yóò gun ẹṣin lọ sí ilé àgbẹ̀ tó bá sún mọ́ wa jù, yóò kan ilẹ̀kùn, yóò sì sọ fún wọn pé ọmọ màlúù wà nílẹ̀, kí wọ́n máa bọ̀. Wọ́n da ajá sí i ní ilé kan. Wọ́n na ìbọn sí i ní òmíràn, nítorí ọkùnrin dúdú tó ń kan ilẹ̀kùn lójú mọ́júmọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ rí. Àwọn kan wá, àwọn kan ò wá. Nínú ọmọ màlúù mọ́kànlá tí wọ́n bí kí a tó dé Caldwell, ìlú tí ọkọ̀ ojú irin ti ń kó màlúù, àwọn àgbẹ̀ gbé méje. Mẹ́rin tó kù, ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan lọ fẹjọ́ sun Stroud pé ọmọ náà ń fi ẹṣin ṣòfò. Ọ̀gá ń mu tábà. “Tó bá fẹ́ pa oorun dípò màlúù,” ló dáhùn, “oorun ẹ̀ ni.”

Ní Caldwell, wọ́n kó màlúù sínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sì gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹsẹ̀ náà ti jinná sódì. Dókítà tún un dá, ó tún un tò, ó sì sọ fún mi láìfi bò pé mi ò ní lè fi da màlúù mọ́. Àwọn tó kù wọ ilé ọtí lọ, mo ń gbọ́ ariwo wọn láti orí ibùsùn. Lucius wá bá mi lọ́jọ́ kẹta. Ó ti wẹ̀. Ó ti gbẹ débi pé ẹ̀wù rẹ̀ dà bí ti ẹlòmíràn.

“Ṣé ò ń padà sí Galveston?” mo bi í.

“Ọ̀gá ń wá ẹni tó máa kó àwọn ẹṣin padà sí Tẹ́ksáàsì. Mo ní màá kó wọn.”

“Ọmọ, wọ́n ń wá onígbàjámọ̀ ní ìlú yìí. Mo rí àkọlé ẹ̀ lára ògiri nígbà tí wọ́n ń gbé mi bọ̀.”

“Mo rí i.” Ó jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn mi nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín, ó sì mí kanlẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ó rẹ̀ mí débi tí mi ò lè ro iṣẹ́ mìíràn. Èyí, mo ti mọ̀ ọ́n. Tí mo bá jí láàárọ̀, ẹsẹ̀ mi á gbé mi débẹ̀.”

“Bí èmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn,” mo wí. Mi ò sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìyìn.

Ó dì mọ́ mi lọ́rùn, ó lọ. Èmi ríṣẹ́ sí ilé ẹṣin kan níbẹ̀ ní Caldwell, mò ń fọ ẹṣin, mò ń bọ́ wọn, mo sì wà níbẹ̀ títí.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìgbà náà, ní ọ̀sán kan tí oòrùn mú, mo rí Hosea tó ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ ní òpópónà. Ó ti darúgbó jọjọ, eyín rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ. Ó ní agbo àwọn wọlé láàárọ̀, ó ní Lucius Tarver ni igbákejì ọ̀gá. Mo bi í pé ọmọ náà ńkọ́.

“Kì í ṣọmọ mọ́. Ó mọṣẹ́, kì í sọ̀rọ̀.” Ó fi apá ẹ̀wù nu òógùn. “Òun ló ṣì ń ṣe iṣẹ́ òwúrọ̀ o, Tobias. Kò sí ẹni tuntun kan tó tíì fọwọ́ kan ìbọn yẹn láti ọdún mẹ́rin yìí. Wọ́n ní kó jẹ́ káwọn ṣe é, ó ní rárá, òun ti mọ̀ ọ́n ṣe.”

Kò pẹ́ tí Lucius fi dé fúnra rẹ̀. Ewú ti wà ní ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún. Ó ṣí fìlà, ó kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó béèrè ẹsẹ̀ mi, mo ní ó wà níbẹ̀. Mo bu ọbẹ̀ ẹran àti búrẹ́dì fún un, a jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹṣin. Ó bi mí bóyá iṣẹ́ ibẹ̀ le. Mo sọ fún un pé kò le, ó kàn ń rùn ni. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí sọ fún un pé olówó ilé ẹṣin náà ń wá ẹnì kejì, pé àyè wà lókè ibi tí mò ń sùn, pé kó rò ó wò. Mo sọ ọ́ títí kí n tó mọ̀ pé kò dáhùn.

Ó ti sùn lọ ní ìjókòó, orí rẹ̀ fẹ̀yìn ti ògiri, búrẹ́dì tó bù jẹ lẹ́ẹ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rọra gbé àwo kúrò lórí itan rẹ̀ kó má baà dà á sára. Ọkọ̀ ojú irin tó kó màlúù wọn fọn fèrè, ó kọjá níwájú wa pẹ̀lú gbogbo ariwo rẹ̀. Kò tilẹ̀ mira. Mo jókòó tì í, mò ń lé eṣinṣin kúrò lójú rẹ̀, títí oòrùn fi yí kúrò lára wa.